Bí a ṣe ń mọ ẹni tó ya àwòrán àjogúnbá, tí a sì ń díyelé e, nígbà tí ayàwòrán náà kò lókìkí

Nígbà tí òbí bá pa ipò dà, tí ẹbí sì jókòó láti pín ẹrù ilé, ilẹ̀ àti ọkọ̀ ní ìlànà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ńlá tó ti wà lára ògiri pálọ̀ láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wà ní kékeré kò ní. Ẹnì kan yóò sọ pé olówó iyebíye ni, ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó mọ ayàwòrán náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà náà ni pé wọn a ya fọ́tò iwájú rẹ̀, wọn a fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta àwòrán, wọn a sì béèrè pé, "Èló ni?" Ìbéèrè náà kò lè ní ìdáhùn tó ṣeé gbára lé títí a ó fi mọ ẹni tó yà á, ìgbà tó yà á, àti bí ó ṣe dé ọwọ́ ẹbí. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó jogún àwòrán ọlọ́dà ní Nàìjíríà, pàápàá èyí tí wọ́n yà láàárín 1950 sí 1990, tí orúkọ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe èyí tí aráyé ń pariwo.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Ẹ wá fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ ríran dáadáa, tọ́ọ̀ṣì kan, awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, okùn ìwọ̀n aránṣọ, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí kò tíì kan ọ̀dà rí, aṣọ funfun mímọ́ tó fẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù. Bí ẹ bá rí tọ́ọ̀ṣì oníná àlùkò, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni, ẹ mú un mọ́ ọn. Bírò kò gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ yìí rárá, nítorí yíǹkì rẹ̀ kì í kúrò lára kánfáàsì. Ẹ sì wá ẹnì kejì tí yóò bá yín gbé àwòrán náà, nítorí ẹni tó bá dá gbé ohun tó fẹ̀ ju apá méjèèjì lọ yóò fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láìmọ̀, ojú ibẹ̀ yóò sì sán lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dáàbò bò ó, ẹ má sì tún un ṣe

Ẹ gbé e kúrò lára ògiri tí òjò ń rin, kúrò níbi tí oòrùn ti ń ràn lé e, àti kúrò nítòsí ilé ìdáná. Ẹ má gbé e kalẹ̀ sórí símẹ́ńtì lásán. Ẹ fi pákó méjì tẹ́ abẹ́ rẹ̀ nítorí omi àti ikán, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dúró ní òró nínú yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí ẹ bá ní láti gbé e sínú mọ́tò, aṣọ funfun ni kí ẹ fi bò ó, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà nínú ooru.

Ibí yìí ni wọ́n ti ń ba ogún jẹ́ jù. Ẹni tó fẹ́ kí àwòrán náà dán kí ó tó fi hàn fún oníbàárà yóò fi aṣọ tútù àti ọṣẹ nù ún, tàbí kí ó fi òróró pa á. Omi yóò gba ojú ibi tó ti sán wọlé, ọ̀dà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹlòmíràn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ oníférémù, ẹni tí yóò gé etí kánfáàsì kí ó lè bá férémù tuntun mu, tí yóò sì da ti àtijọ́ nù pẹ̀lú gbogbo ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó rí i ní ìgbésẹ̀ 4 pé ìwé tó lẹ̀ mọ́ férémù yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù. Eruku nìkan ni ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì gbá, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, láìtẹ ọwọ́ mọ́ ọn.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá bá èépá ọ̀dà lórí aṣọ náà, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ṣa èépá náà sínú àpò ìwé, kí ẹ sì wá onímọ̀ ìtọ́jú àwòrán kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí, ẹ máa bọ̀ ní ìgbésẹ̀ 2.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìwọ̀n àti fọ́tò

Ẹ wọn gígùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó wọn fífẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà, láìka férémù mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú kátálọ́ọ̀gì gbogbo nìyẹn, ẹni tó bá sì kọ fífẹ̀ ṣáájú yóò mú kí òǹkàwé rò pé àwòrán ìbú ni èyí tó dúró ní òró. Fọ́tò ni kí ẹ yà lábẹ́ ìbòjì ní òwúrọ̀, láìlo iná kámẹ́rà: iwájú lódindi, ẹ̀yìn lódindi, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí kánfáàsì níbi tó ti ṣẹ́ po, ìbuwọ́lù, àti gbogbo ohun tí wọ́n kọ tàbí lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí àwòrán. Gbogbo ibi tó wú, tó sán, tàbí tí wọ́n ti tún kùn yóò yọjú.

Àyẹ̀wò: ẹ fi fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí àwòrán náà rí, kí ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sí yín létí. Ohun tí kò bá lè kà, ẹ tún un yà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣé ọwọ́ ló kùn ún ni, àbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́?

Ẹ fi awò wo ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé. Bí ẹ bá rí àwọn tóótòòtó wínníwínní búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ṣe é, ì báà jẹ́ orí kánfáàsì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ọ̀dà tí ọwọ́ kùn máa ń ní òkè àti kòtò, ojú búrọ́ọ̀ṣì a sì máa tẹ̀lé ohun tó wà nínú àwòrán: bí wọ́n bá ya gèlè, ojú búrọ́ọ̀ṣì yóò yí pẹ̀lú gèlè náà. Àwọn kan máa ń da oje aláwọ̀ omi sórí àwòrán títẹ̀ kí ó lè dà bí ohun tí wọ́n kùn. Ẹ ó mọ̀ nítorí pé òkè àti kòtò ibẹ̀ kò ní bá gèlè náà yí.

Ẹ má ṣe yára ju àwòrán títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan o. Bí wọ́n bá fi pẹ́ńsù kọ nǹkan bí 7/50 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lù, ó túmọ̀ sí pé ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ tàbí ló ṣe alábòójútó rẹ̀, àti pé 50 péré ni wọ́n tẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni apá tó pọ̀ nínú òkìkí Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán Nàìjíríà, dúró lé. Iye tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwòrán ọlọ́dà, ṣùgbọ́n ó ní iye.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ láìṣiyèméjì, bí àpẹẹrẹ "ọ̀dà olóròóró lórí kánfáàsì" tàbí "àwòrán títẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ buwọ́lù". Bí ẹ kò bá mọ irú ọ̀dà tó jẹ́, ẹ kọ "ọ̀dà" lásán.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ̀yìn àwòrán

Bí wọ́n bá ní kí n yan ojú kan ṣoṣo lára àwòrán tí a kò mọ ẹni tó yà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ni n ó yàn. Níbẹ̀ ni oníférémù ti ń lẹ àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́ igi, ibẹ̀ ni ayàwòrán ti ń kọ àkọlé àti iye owó, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìpàtẹ ti ń fi nọ́ńbà sí. Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà, pẹ̀lú àṣìṣe sípẹ́lì inú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo owó. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Bí wọ́n bá kọ iye rẹ̀ ní pọ́n-ùn, ṣílè tàbí gínì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n ti tà á ṣáájú ọjọ́ náà, àyàfi tí ó bá jẹ́ òkè òkun ni wọ́n ti tà á.

Lẹ́yìn owó, ẹ wo àdírẹ́sì. "Western Region" jẹ́ ti àkókò tó ṣáájú 1967. "Western State" wà láti 1967 títí di 1976. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò sì sí títí di 1991, nítorí náà àlẹ̀mọ́ tó bá kọ "Oshogbo, Oyo State" wà láàárín 1976 sí 1991. "Bendel State" náà parí ní 1991. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ń jẹ́ "University of Ife" títí di 1987, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ti Zaria ń jẹ́ "Nigerian College of Arts, Science and Technology" kí ó tó di yunifásítì ní 1962. Fún ẹbí tó ń ṣòwò lọ sí Kùtọnù, "Dahomey" lórí àlẹ̀mọ́ ń tọ́ka sí ìgbà tó ṣáájú 1975, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà yí orúkọ padà sí Benin. Nọ́ńbà fóònù tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0802 tàbí 0803 kò lè ṣáájú 2001. Bí ẹ bá rí àmì FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn adúláwọ̀ tó wáyé ní Èkó, ọdún 1977 ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí.

Ohun èlò náà ní ohun tí yóò sọ. Ọ̀dà olómi tí wọ́n ń pè ní acrylic kò wọ ọjà àwọn ayàwòrán kí ó tó di àárín àwọn ọdún 1950, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé wọ́n fi acrylic ya àwòrán kan ní 1938 ní àlàyé ṣe. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ayàwòrán wa ló ń kùn sórí pákó hádíbọ́ọ̀dù nítorí pé kánfáàsì wọ́n, nítorí náà kí ẹ má ṣe rò pé àwòrán orí pákó jẹ́ iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Ẹ tan iná àlùkò sí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn nínú òkùnkùn: bí ìwé náà bá tàn funfun bíi búlúù, wọ́n ti fi èròjà ìmúfunfun sí i, èyí tó wọ́pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1950.

Ibi tí ènìyàn ti ń ṣìnà níhìn-ín ni pé wọ́n ń gbà pé ọdún tí àlẹ̀mọ́ sọ ni ọdún àwòrán. Férémù lè jẹ́ ti 1980 kí àwòrán jẹ́ ti 1962. Oníférémù lè máa lo ìwé àdírẹ́sì àtijọ́ fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìjọba ti yí orúkọ ìpínlẹ̀ padà, nítorí kò fẹ́ ju èyí tó ti tẹ̀ nù. Ẹ̀rí láti ara kánfáàsì fúnra rẹ̀ lágbára ju ẹ̀rí láti ara férémù lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ ọ́ báyìí: "Kò lè ṣáájú ọdún báyìí, nítorí báyìí, kò lè pẹ́ ju ọdún báyìí lọ, nítorí báyìí." Bí àlàfo àárín méjèèjì bá ju ọdún 25 lọ, ẹ tún padà wo ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìbuwọ́lù

Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn, igi tí wọ́n na kánfáàsì mọ́, àti abẹ́ etí férémù tó bo àwòrán. Ẹ da á kọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi àmì ìbéèrè sí lẹ́tà tí kò bá dá yín lójú. Ẹ má fi orúkọ tí ẹ ti gbọ́ rí dí àlàfo. Ọ̀pọ̀ "Grillo" àti "Enwonwu", orúkọ àwọn ayàwòrán olókìkí, tí ẹbí ń kà lára ògiri kì í ṣe ju lẹ́tà méjì tó ṣe kedere àti ìfẹ́ ọkàn lọ.

Orúkọ tó wà lórí àwòrán lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ayàwòrán Òṣogbo tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, Táíwò Ọláníyì ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń buwọ́lù pẹ̀lú orúkọ Ògún tàbí Ifá ní 1963 lè ti sọ ọ́ di Olú tàbí Olúwa ní 1980 lẹ́yìn tó yí ẹ̀sìn padà, obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yábàá sì lè ti gba orúkọ ọkọ rẹ̀ láàárín àwòrán kejì àti ìkẹta. Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí orúkọ náà lè gbà jáde sílẹ̀, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ ṣèwádìí.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbuwọ́lù tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Lábẹ́ awò, ìbuwọ́lù àtijọ́ máa ń sán pọ̀ pẹ̀lú ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ti ayédèrú máa ń ṣàn wọ inú ojú ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀, tàbí kí ó jókòó sórí fánìṣì. Lábẹ́ iná àlùkò, ó lè dúdú yàtọ̀ sí àyíká rẹ̀. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti olókìkí, tí ẹ̀yìn àwòrán kò sì bá a mu, ẹ gba ẹ̀yìn gbọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìbuwọ́lù náà han ẹni mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsọ ohun tí ẹ rò fún wọn. Ibi tí kíkà wọn bá ti dọ́gba ni kí ẹ dì mú.

Ìgbésẹ̀ 6: Wíwá ayàwòrán náà

Inú ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣe é kíákíá nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti dàgbà. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ìyá àgbà, awakọ̀ bàbá tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Ẹ má béèrè pé, "Ta ló ya àwòrán yìí?" nítorí wọn yóò ní àwọn kò mọ̀. Ẹ béèrè pé ilé wo ni àwòrán náà kọ́kọ́ wà, ta ló gbé e wá, ṣé ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì ni, ṣé ẹni tó ní gbèsè ló fi san án. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n sọ orúkọ wọn àti ọjọ́ náà. Ìtàn ẹbí jẹ́ ẹ̀rí tí a ní láti dán wò. Bí wọ́n bá ní bàbá rà á ní Òṣogbo ní 1961, tí àlẹ̀mọ́ sì ní 1978, ọ̀kan nínú méjèèjì nílò àlàyé.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé àwòrán náà sí agboolé rẹ̀, ìyẹn àwùjọ àwọn ayàwòrán tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tí ọwọ́ iṣẹ́ wọn sì jọra. Ní Òṣogbo, ibi tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier ti dá Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Denis Williams àti Georgina Beier darí títí dé 1964 ló mú àwọn bíi Múráínà Oyèlámì, Rufus Ogundele àti Jìmọ́ Bùráímọ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jókòó pẹ̀lú wọn, tí òkìkí wọn kò jáde kúrò ní ìlú. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ẹ lè máa wá. Àwọn tó jáde ní Zaria àti Yábàá máa ń fi ìmọ̀ ìwé ya àwòrán, àwọn ọmọ Ifẹ̀ lẹ́yìn wọn a máa lo àrà ara adìrẹ àti ère, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Abáyọ̀mí Barber ní Yunifásítì Èkó sì máa ń ya nǹkan bí ojú ṣe rí i gan-an. Ìjọra kò tó láti fi sọ ẹni, pàápàá ti Òṣogbo, tí wọ́n ti fara wé fún tità fún àlejò láti ọdún pípẹ́.

Ní orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ orúkọ náà láìsí àmì ohùn, ẹ kọ "Oshogbo" àti "Osogbo", kí ẹ sì yí orúkọ àti lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ padà. Google Lens yóò mú àwòrán tó jọ ọ́ wá fún yín. Ó wúlò fún wíwá agboolé, kò wúlò fún wíwá ẹni. Bí orí íntánẹ́ẹ̀tì bá gbẹ, ìwé ló kù: ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, ilé ìkàwé Kenneth Dike ní yunifásítì ìlú náà, àwọn ìwé ìròyìn Nigeria Magazine àti Daily Times àtijọ́ tí wọ́n ń ròyìn ìpàtẹ, àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ bá fura sí, níbi tí orúkọ àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde wà. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀, àwọn àgbà inú rẹ̀ sì máa ń mọ ọwọ́ ẹni tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Fún iṣẹ́ Òṣogbo, ẹ kọ lẹ́tà sí Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Bayreuth ní Jámánì, tí Ulli Beier dá sílẹ̀ ní 1981, àti sí CBCIU, ibùdó àṣà àwọn adúláwọ̀ ní Òṣogbo fúnra rẹ̀. Lẹ́tà kúkúrú pẹ̀lú fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti ìbuwọ́lù ni kí ẹ kọ. Ẹ béèrè ẹni tó yà á, kí ẹ má béèrè iye rẹ̀, nítorí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í díyelé nǹkan, lẹ́tà tó bá sì béèrè owó kì í tètè rí èsì.

Àyẹ̀wò: ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ìdánimọ̀ dúró lé, ìyẹn ìbuwọ́lù, ìwé tàbí ẹlẹ́rìí, àti ọwọ́ iṣẹ́ tó bá àwòrán mìíràn tí a mọ̀ mu. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ láìfi nǹkan kún un. Bí méjì bá pé, ẹ kọ "a gbà pé òun ló yà á". Bí ọwọ́ iṣẹ́ nìkan bá bá a mu, "ní ìlànà Òṣogbo" ni ibi tí ẹ lè dé. Ilé gbàǹjo máa ń fi ìyàtọ̀ yìí sínú kátálọ́ọ̀gì, owó sì ń tẹ̀lé e.

Ìgbésẹ̀ 7: Ta ló ni ín?

Ní àṣà Yorùbá, àwòrán tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún jẹ́ ohun ìní gbogbo ọmọ. Ì báà jẹ́ ìdí igi ni ẹbí fi ń pín ogún ni o, ì báà jẹ́ orí-ò-jorí, ẹni tí àwòrán náà wà lára ògiri rẹ̀ kò lè dá a tà. Ilé gbàǹjo tó bá mọṣẹ́ yóò béèrè ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé-ẹjọ́. Bí ẹni kan nínú ẹbí bá sì kọ lẹ́tà àtakò, wọn yóò yọ àwòrán náà kúrò nínú títà. Ẹ mú ìwé ìfohùnṣọ̀kan jáde nísinsìnyí, kí a tó mọ iye rẹ̀, nítorí lẹ́yìn tí iye bá ti jáde, ìfohùnṣọ̀kan máa ń wọ́n.

Ẹ kó rìsíìtì, lẹ́tà, àti fọ́tò àtijọ́ inú pálọ̀ jọ sínú fáìlì kan. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ 1971 tí àwòrán náà hàn lẹ́yìn àwọn àlejò jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára gan-an, ẹni púpọ̀ kì í sì í rántí láti wo ẹ̀yìn àwọn ènìyàn inú fọ́tò. Ẹ sì mọ̀ pé níní àwòrán kò fún yín ní ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà: ẹ̀tọ́ yẹn jẹ́ ti ayàwòrán àti àwọn ajogún rẹ̀ títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Dídíyelé e

Ẹ kọ́kọ́ pinnu irú iye tí ẹ ń wá. Iye tí ilé-iṣẹ́ adójútófò yóò kọ ga jù, torí owó tí a ó fi ra irú rẹ̀ ní gálárì ni. Iye tí ẹbí yóò fi pín ogún jẹ́ ohun tí yóò mú wá bí a bá tà á ní gbangba lónìí, ó sì máa ń kéré sí ti ìṣáájú gan-an. Ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ìyá lórí àwòrán máa ń wá nígbà míràn nítorí pé ọ̀kan ń sọ ti adójútófò, èkejì ń sọ ti ọjà.

Ẹ wá iye tí wọ́n ti ta iṣẹ́ ayàwòrán kan náà, tó jọra ní ìwọ̀n, ní ohun èlò àti ní ọdún. Èsì gbàǹjo Arthouse ní Èkó, àti ti Bonhams àti Sotheby's ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lórí ojú-ìwé wọn. Iye tí gálárì kọ sára ògiri tàbí tí ẹnì kan ń pè lórí Instagram kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí kò tíì sí ẹni tó san án. Ẹ wo èyí tí wọn kò rí tà náà, ó ń sọ ibi tí ọjà ti kọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé iye tí wọ́n kéde máa ń ní owó tí olùrà san fún ilé gbàǹjo nínú. Ká ní olùrà san 1,200,000 náírà, tí 200,000 inú rẹ̀ jẹ́ ti ilé gbàǹjo, tí wọ́n sì tún yọ ìdá mẹ́wàá lórí 1,000,000 tó kù lọ́wọ́ olùtà, 900,000 ni ẹbí yóò rí.

Náírà fúnra rẹ̀ ń tan ènìyàn jẹ. Dọ́là kan kò tó 200 náírà ní owó ìjọba ní 2015, ṣùgbọ́n ó ti ju 1,500 lọ ní ìparí 2024. Ẹ yí èsì kọ̀ọ̀kan sí dọ́là ní iye ọjọ́ tí wọ́n tà á kí ẹ tó fi wé ti òní.

Bí ayàwòrán náà kò bá ní èsì gbàǹjo kankan, èyí tó wọ́pọ̀, ẹ lo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: ẹni tó wà ní agboolé kan náà, ní àkókò kan náà, tí òun náà kò lókìkí. Ẹ má lo olórí wọn. "Tutu" tí Ben Enwonwu yà ní 1974, tí wọ́n rí nínú fúláàtì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Bonhams fojú dá a sí 200,000 sí 300,000 pọ́n-ùn, ó sì lọ ní 1,205,000 ní oṣù kejì 2018. "Christine" tirẹ̀, tí ẹbí kan ní Texas jogún, tí wọ́n sì fi Google wá orúkọ tó wà lára rẹ̀, kọjá mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní Sotheby's ní 2019. Àwọn ìtàn méjèèjì yìí ló ń ba ìdíyelé jẹ́ nínú ẹbí. Àwòrán tó ti fara sin tẹ́lẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ayàwòrán wọn kì í ṣe ẹni àìmọ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì gbé owó náà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí iye ẹlẹgbẹ́, ẹ wo ohun tó lè gbé e sókè tàbí sílẹ̀. Àwòrán ọjà, eégún àti ìjó ń yá ju àwòrán ojú ẹni tí ayé kò mọ̀ lọ. Àwòrán bàbá àgbà yín jẹ́ ohun iyebíye fún yín, fún olùrà àlejò ni. Ohun tó bá ju ògiri fúláàtì lọ ní ìwọ̀n ń ṣòro tà. Ihò, omi àti àtúnkùn a máa fà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ayàwòrán tí kò lókìkí, ojú-ìwé kan nínú kátálọ́ọ̀gì ìpàtẹ 1968 tó dárúkọ àwòrán yìí gan-an, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, ń fi kún iye rẹ̀ ju ẹwà rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ pẹ́ ní ìgbésẹ̀ 4 àti 6.

Ẹ yẹra fún ẹni tó ń díyelé àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ rà, àti ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdá kan nínú iye tó bá pè. Ìwé ẹ̀rí tí oníṣòwò kan tẹ̀ jáde pé ojúlówó ni kò ní agbára, àfi tí ó bá ti ọwọ́ ayàwòrán, ẹbí rẹ̀ tàbí onímọ̀ tó ti ṣèwádìí lórí rẹ̀ wá. Àwọn ilé gbàǹjo ńlá máa ń fojú dá iye láìgba owó bí ẹ bá fi fọ́tò àti àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ 2 sí 6 ránṣẹ́.

Àyẹ̀wò: ìdáhùn yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpele, láti iye kan sí òmíràn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, kí èrò ẹni méjì ó kéré tán tí kò mọ ara wọn sì bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ àwòrán irú èyí ń bọ́ sí iye tí férémù tuntun àti àtúnṣe lè kọjá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ná owó àtúnṣe nítorí títà.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde

Àjọ tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní NCMM, ló ń fúnni ní ìwé tó jẹ́rìí pé ohun tí ẹ ń gbé jáde kì í ṣe ohun àtijọ́ tí òfin dáàbò bò. Òfin náà ka iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 mọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwòrán 1965 yóò rí ìwé gbà, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú kò ní gba àlàyé ẹnu. Àlẹ̀mọ́ àti ọdún tí ẹ ti kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 4 ni ẹ ó fi hàn wọ́n. Ẹ gba ìwé náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ó bá jẹ́ ilé gbàǹjo ní Èkó ni ẹ ń gbé e fún, ẹ má fi sílẹ̀ láìgba ìwé tó kọ ìwọ̀n rẹ̀, ipò tó wà, iye tó kéré jù tí wọ́n lè tà á, kọmíṣọ̀n wọn, ẹni tí yóò san owó gbígbé e padà bí kò bá tà, àti ọjọ́ tí owó yóò wọlé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, iwájú àti ẹ̀yìn, kí gbogbo ajogún tó ti fọwọ́ sí ìwé sì gba ẹ̀dà kan ní ọjọ́ náà gan-an.